Iyàn Àwọn Ọ̀gágun ní Ìjadà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í lù ní agboolé Ọ̀ṣínúgà ní Ìjadà, Ìjẹ̀bú-Òde, kí ogun má bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ogun àdá, kì í ṣe ogun ìbọn, ogun ẹnu ni. Ràsákì yóò kírun Àsárì tán, yóò ká ẹní rẹ̀, yóò wá fìdí lé àga onírin tó ti ń jókòó lé láti ìgbà tó ṣì ń tún rédíò ṣe. Aaron náà yóò ti dé tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, torí pé tíṣà lè fẹ̀yìn ti iṣẹ́ ìjọba, kì í fẹ̀yìn ti ṣọ́ọ̀kì. Yóò rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún á ké kọ̀ọ́kọ̀ọ́, yóò sì fa ìlà etí òkun sórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò to ìdérí ìgò sí i, àwọn pupa fún ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dúdú fún Jámánì. Ó parí. Kí oníkálukú nínú ilé wá ibi tó máa fi etí rẹ̀ sí.

Ohun tí wọ́n ń jà sí kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ọ̀gágun tó gbówọ́ jù nínú ogun àgbáyé méjèèjì? Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń jà á, ẹnikẹ́ni kò tíì borí. Aaron ní Montgomery ará Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sí ẹlòmíràn. Ràsákì ní Rommel ará Jámánì ni, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ aṣálẹ̀, tí kò ní epo, tí kò ní omi, síbẹ̀ tó ń lé Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kiri bí ẹni lé adìyẹ. Nígbà mìíràn wọ́n á kúrò lórí ogun Hítílà, wọ́n á bọ́ sórí ogun Jámánì àkọ́kọ́. Wọ́n á jí Foch ará Faransé dìde, wọ́n á jí Lettow dìde, ará Jámánì tó fi ọdún mẹ́rin sá kiri igbó ìlà-oòrùn Áfíríkà tí ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá rìn dé, aṣálẹ̀ ni wọ́n máa ń padà sí.

Ọfà kan sì wà tí Ràsákì máa ń fi pamọ́ sápò títí iyàn yóò fi gbóná. “Montgomery! Ṣé Montgomery tó dúró títí wọ́n fi kó gbogbo ọkọ̀ ogun ilé ayé jọ fún un kó tó jà? Wavell ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì bíi tirẹ̀ ni, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ọmọ ogun péré ló ní, ó kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje ọmọ Ítálì lẹ́rú ní Líbíà, Montgomery kò tíì ti ẹsẹ̀ bọ iyanrìn nígbà yẹn!”

Aaron á fò sókè. “Àwọn tí wọ́n ti ká ọwọ́ sórí kí ìbọn tó dún! Ìyẹn náà lò ń pè ní ìṣẹ́gun?”

Ọ̀rọ̀ Montgomery yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́wọ́ Aaron. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ sí Bàbá Katikíìsì, fi tàdáwà kọ ọ́ sẹ́yìn Bíbélì ńlá ilé wọn pé: “Aaron dé ayé ní ọ̀sẹ̀ tí a lu agogo ìṣẹ́gun, nígbà tí Olúwa fi ọ̀tá lé wa lọ́wọ́ ní aṣálẹ̀.” Kò kọ ọdún sí i. Bí àwọn àgbà ìgbà náà ṣe rí nìyẹn, wọ́n gbà pé irú agogo bẹ́ẹ̀ kò lè ṣú ẹnikẹ́ni lójú láéláé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Aaron nígbà tó rí ìwé yìí, ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n sin bàbá. Ó wá ìwé ìtàn kiri, ó rí i pé wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́gun Montgomery ní Íjíbítì, oṣù kọkànlá ọdún 1942. Ó ní, ó tán! Láti ọjọ́ náà ni Montgomery ti di ìbátan rẹ̀. Ẹni tó bá bú Montgomery, ó bú Bàbá Katikíìsì nínú ibojì.

Ọmọ bàbá kan náà ni Bàbá Katikíìsì àti bàbá Ràsákì, ọ̀kan gba ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan gba mọ́ṣáláṣí, gẹ́gẹ́ bó ti rí nínú ọ̀pọ̀ agboolé Ìjẹ̀bú. Ẹ̀gbọ́n ni Katikíìsì. Ṣùgbọ́n nípa ti àwọn ọmọ, ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ṣáájú. “Ogun Hítílà ló bí àwọn méjèèjì” ni gbogbo ohun tí àwọn ìyá máa ń sọ. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n mú wọn lọ sílé ìwé, ọ̀gá ilé ìwé wo ojú wọn, ó kọ 1942 fún àwọn méjèèjì, ó ní kí wọ́n lọ jókòó. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ni wọ́n jọ wọ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà. Ọ̀kan kò dọ̀bálẹ̀ fún èkejì rí, “Aaron” àti “Ràsákì” ni, láìsí ẹ̀gbọ́n, láìsí àbúrò. Nílẹ̀ Yorùbá tí ìbejì pàápàá ní Táyé àti Kẹ́hìndé, irú èyí ṣọ̀wọ́n.

Kí á má purọ́, ìrọ̀lẹ́ yìí ni Aaron ń jí sí. Ọdún kẹjọ rèé tí Tabitha ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ wà lókè òkun, wọ́n ń pè lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n á béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á ní ó dàbọ̀. Bí kì í bá ṣe pé ó ní ọ̀tá tó ń dúró dè é ní aago mẹ́rin, bóyá ni ì bá máa fá irùngbọ̀n. Òun gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ fún àlùfáà ìjọ wọn pé: “Ràsákì ló ń mú mi dìde lórí ibùsùn.”

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni Bàbá Bọ́dúnrìn, olórí ẹbí, papòdà. Wọ́n sin ín tán, wọ́n ṣe ogójì ọjọ́, ó wá ku kí wọ́n fi ẹlòmíràn jókòó. Nínú agboolé Ọ̀ṣínúgà, kì í ṣe ìbò ni wọ́n fi ń yan olórí, kì í ṣe owó. Ọkùnrin tó bá dàgbà jù ni, ó tán. Oyè náà sì wu Aaron. Kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n àga tí Bàbá Katikíìsì jókòó lé fún ọdún méje kó tó kú ni, ó sì ń wù ú kí ó fi ìdí kan ibi tí ìdí bàbá rẹ̀ ti kan. Ó wù ú débi pé ó ti ra fìlà.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ìpàdé ẹbí. Ayọ̀túndé, ọmọ Bàbá Bọ́dúnrìn, tó ń ṣe lọ́yà nílùú Èkó, ló di ìwé mú. Ó kí gbogbo ènìyàn, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá wa méjèèjì náà ló kù lókè. Ẹ dákun, ta ni ẹ̀gbọ́n?”

Ọ̀rọ̀ náà dún bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò rí. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ràsákì ló kọ́kọ́ húkọ́, ó fa fọ́tókọ́pì kan yọ lápò agbádá. Ó ní Tàófíìkì, ọmọ ọmọ Ààfáà tó sọ òun lórúkọ, ló tú ẹrù bàbá rẹ̀ àgbà lóṣù tó kọjá, tó rí ìwé tí Ààfáà máa ń kọ orúkọ ọmọ sí. Ogúnjọ́ oṣù Ràmàdáánì ọdún 1360 Híjírà ni wọ́n bí Ràsákì. Wọ́n ti bá a ṣírò rẹ̀: oṣù kẹwàá ọdún 1941.

Ayọ̀túndé kọ ọ́ sílẹ̀. “Bàbá Aaron ńkọ́, sà?”

Kí Aaron tó la ẹnu, ọmọdé kan lẹ́yìn ti dáhùn: “Agogo Montgomery! Oṣù kọkànlá, 1942!” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọgọ́ta ọdún ló ti fi ń kọ́ wọn.

“Ó jẹ́ pé Bàbá Ràsákì fi ọdún kan ó lé dàgbà jù,” ni Ayọ̀túndé wí, ó sì ń mú bírò bọ̀ láti kọ ọ́.

Aaron rí àga bàbá rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn náà, kí Ọlọ́run má jẹ ẹ́ níyà rẹ̀, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa agbádá rẹ̀ sókè, ó ní, “Ta ló sọ pé agogo Montgomery ni? Bàbá mi kò dárúkọ Montgomery. Aṣálẹ̀ ló kọ. Ṣé Montgomery nìkan ló jà ní aṣálẹ̀ ni? Wavell ńkọ́? Oṣù kejì ọdún 1941, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ọmọ ogun péré, ó kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje ọmọ Ítálì lẹ́rú! Ṣé ìyẹn kò tó kí á lu agogo sí?”

Ọfà Ràsákì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ta padà sí i. “Aaron,” ló wí, “ṣé Wavell lo wí? Wavell tó o ní àwọn tó ti ká ọwọ́ sórí ló mú?”

“Wọn kò ká ọwọ́ sórí! Wọ́n jà kíkan kíkan!”

“Háà! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí.” Ràsákì náà dìde. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ì bá rẹ́rìn-ín títí yóò fi sunkún, ṣùgbọ́n àga ń bẹ nílẹ̀. “Kí ni Wavell ṣe? Ṣé kì í ṣe pé Rommel padà wá gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn bí ẹni gba mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ọmọdé? Èwo ni ìṣẹ́gun níbẹ̀? Montgomery ni ọ̀gá! Montgomery ló ṣẹ́gun tí ẹnikẹ́ni kò fi gbà á padà! Ta ló máa lu agogo fún Wavell?”

“Ràsákì, ṣé Montgomery lò ń yìn?”

“Mò ń yìn ín! Ṣé o fẹ́ kí n kọ ọ́ síwèé?”

Bí wọ́n ṣe wọ̀yá ìjà nìyẹn. Aaron bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ tòun ti agbádá, ó fa Líbíà sórí sìmẹ́ńtì. Ràsákì fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́, ó ní Íjíbítì ni kó fà. Wákàtí kan gbáko ni Aaron fi gbèjà ọ̀gágun tó ti ń bú láti ọgọ́ta ọdún, tí Ràsákì sì ń fi orin yin ẹni tí kò fẹ́ rí sójú. Àwọn ọmọ ilé ń rẹ́rìn-ín, àwọn ìyàwó ilé ń rẹ́rìn-ín, Ayọ̀túndé ti ti bírò bọ àpò.

Ìyá Susannah, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ilé, wà ní igun, ó ti ń tòògbé láti ìgbà tí wọ́n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, òun ló sì dàgbà ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í fi obìnrin jẹ olórí ẹbí nínú agboolé náà. Ariwo ló jí i. Ó ní kí ni wọ́n ń jà sí. Ayọ̀túndé bẹ̀rẹ̀ létí rẹ̀, ó pariwo ọ̀rọ̀ Wavell, ó pariwo ti Montgomery, ó ní agogo èwo ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n.

Ìyá rẹ́rìn-ín, eyín méjì tó kù lẹ́nu rẹ̀ yọ síta. “Ẹ̀gbọ́n láàárín Aaron àti Ràsákì? Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ lóòótọ́? Torí ẹ kò ní lè ní kí n gbé e mì padà.”

Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́.

“Ọjọ́ tí a sọ Ràsákì lórúkọ, èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ Aaron. Ó ti ń rá kiri. Mo kọjú síbi tí wọ́n ti ń pín àkàrà, kí n tó yíjú padà, ó ti rá dé ìdí àwo oyin tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún Ààfáà, ó dà á nù, ó sì tún ń lá a nílẹ̀. Ìyá mi gbá mi létí nítorí rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá mú, etí náà ṣì ń dùn mí.”

Aaron yíjú sí i. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?”

“Ta ló bi mí? Àwọn òyìnbó lẹ̀ ń bi.”

Bó ṣe yanjú nìyẹn. Ọmọ tó ń rá kiri lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ kejì, kò sí lọ́yà tó lè pè é ní àbúrò. Wavell ló lu agogo, ó jẹ́ pé agogo ẹlòmíràn ni Aaron ti ń jó sí láti ọdún yìí wá. Ọ̀rọ̀ náà ta á lára díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí àyè ronú sí i, torí Ràsákì ti ṣí fìlà rẹ̀, ó ti na gbalaja sórí sìmẹ́ńtì níwájú rẹ̀, arúgbó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, àyà kan ilẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀.” Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Aaron dé fìlà tuntun, ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́rin, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ràsákì ti kírun tán. Bó ṣe rí Aaron, ó dìde kúrò lórí àga onírin, ó fi ìdí rẹ̀ sí orí bẹ́ńṣì, ó ní, “Ẹ jókòó síbí, ẹ̀gbọ́n.”

Aaron rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ó to ìdérí ìgò. Ó ní bó bá jẹ́ pé Wavell ló bí òun, kò burú, ṣùgbọ́n Montgomery ṣì ni ọ̀gá. Ó dúró de èsì.

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n,” ni Ràsákì wí.

Aaron rò pé kò gbọ́. Ó tún un sọ. Ràsákì tún mi orí. Aaron wá mú òkò tó wúwo. “Rommel yìí gan-an, kí ló fi yàtọ̀ sí dẹ́rẹ́bà bọ́lẹkájà? Kò mọ̀ ju kó máa sáré lọ, epo á tán lójú ọ̀nà.” Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé bó bá sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ará àdúgbò Mọlípa lọ́hùn-ún á gbọ́ èsì rẹ̀.

“Bí ẹ ṣe wí náà ni.”

Ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ràsákì kò bínú, kò fajú ro. Ó ń bu gààrì fún un kó tó bu tirẹ̀, ó ń bá a wá omi tútù, ó ń béèrè bí orúnkún ṣe ń ṣe é. Aaron purọ́ mọ́ Rommel, ó ní ojo ni. Ó purọ́ mọ́ ogun, ó ní Foch jà ní Bọ́mà, ní Éṣíà lọ́hùn-ún. Ràsákì ní, “Ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ̀gbọ́n.” Ní ọjọ́ kẹfà, Aaron kò mú ṣọ́ọ̀kì dání mọ́.

“Ràsákì,” ló wí, “ṣé inú ń bí ọ sí mi ni?”

“Inú kò bí mi rárá. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́, olórí ẹbí sì ni yín. Ṣé kí n máa bá yín jiyàn lójú àwọn ọmọ ni? Bí mo bá ṣe é, Quadri ọmọ mi náà yóò ṣe é fún ẹ̀gbọ́n tirẹ̀. Ta ni yóò wá là á?”

Aaron mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Òun náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé òun ni àbúrò. Ó tọ Ìyá Susannah lọ, ó ní ṣé wọn kò lè sọ fún Ayọ̀túndé pé arúgbó ló ń ṣe wọ́n, pé bóyá ọmọ mìíràn ló da oyin nù. Ìyá wò ó títí. “Aaron, ẹyin lọ̀rọ̀. Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan kí n tó jẹ́ kó bọ́.”

Ó padà sílé, ó jókòó sórí àga olórí ẹbí láti ọ̀sán títí oòrùn fi rọlẹ̀. Àga náà le. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti lọ sí ìgbà tí òun àti Ràsákì kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n máa ń jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí náà, tí Bàbá Katikíìsì máa ń ka ìwé ìròyìn fún gbogbo ilé. Ogun ti parí nígbà náà, ṣùgbọ́n kò parí lẹ́nu Katikíìsì. Yóò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gba Íjíbítì, yóò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lé Jàpáànì kúrò ní Bọ́mà, ohùn rẹ̀ á máa dún bí ìgbà tó bá wà lórí àga ìwàásù. Bàbá tó bí Ràsákì á wà lórí bẹ́ńṣì, fìlà lórí orúnkún, òun tó jẹ́ pé òun gan-an ló lọ sí Bọ́mà, tó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, tó dé pẹ̀lú ibà tí kò fi í sílẹ̀ títí tó fi kú. Gbogbo ohun tí Katikíìsì bá sọ, èsì kan náà ló máa ń fọ̀ sí i: “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.”

Aaron kékeré máa ń yangàn nígbà náà. Ó gbà pé bàbá òun mọ ogun ju ẹni tó lọ lọ. Ó wá tó ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún kó tó tọ́ adùn “bẹ́ẹ̀ ni” yẹn wò lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì korò bí ewúro. Bàbá òun kò gbọ́ ogun Bọ́mà rí láyé rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó tì í fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ojú ti Aaron fún bàbá rẹ̀, ó sì ti í fún ara rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òun tó ń pe ara rẹ̀ ní tíṣà ìtàn, òun náà kò béèrè.

Ọjọ́ kejì, ó dé lọ́wọ́ òfo. Kò gba àga onírin, bẹ́ńṣì ló jókòó lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràsákì. “O ní a kì í bá ẹ̀gbọ́n jiyàn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀, ṣé àbúrò kì í dáhùn?”

“Ó ń dáhùn.”

“Kí ni bàbá rẹ rí ní Bọ́mà?”

Ràsákì ń fi ìka ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀. “Ẹ kò béèrè rí, ẹ̀gbọ́n.”

“Mi ò béèrè rí. Mo jẹ̀bi.”

Ràsákì wá sọ ọ́. Ó ní bàbá òun kò gbé ìbọn. Ẹrù ló gbé. Igbó àti òkè ni gbogbo ibẹ̀ lẹ́bàá odò kan tí wọ́n ń pè ní Kaladan, mọ́tò kò lè dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Áfíríkà ṣe di mọ́tò. Orí ni wọ́n fi ru ọta ìbọn, orí ni wọ́n fi ru bisikíìtì, orí ni wọ́n fi ru aláìsàn. Bàbá òun kò rí ọ̀gágun kankan sójú. Nígbà tí Katikíìsì bá ń sọ pé ọ̀gágun báyìí ló gba Bọ́mà, ṣe ni bàbá máa ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń dárúkọ fún mi,” ni Ràsákì wí. “Joel, ará Ibefun, òun ni olórí àwọn aláàárù tiwọn. Ogójì ni wọ́n. Òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n dé etí odò, òyìnbó ní kí wọ́n ru ẹrù wọ inú rẹ̀. Joel wo omi náà, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó lé e. Kò sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù náà sọ ẹrù tiwọn kalẹ̀, wọ́n jókòó lé e. Òyìnbó yọ ìbọn, ó fi í sí Joel lórí. Joel ní kó yìn ín, pé omi yóò ṣì kún lẹ́yìn tí òun bá kú. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, igi ńláńlá ti ń bọ̀ nínú odò náà, tòun ti gbòǹgbò, ó ń yí gbirigbiri. Òyìnbó ti ìbọn bọ àpò. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó kọjá. Ogójì ló lọ sí ogun, ogójì ló padà wálé. Bàbá mi ní bí ẹnikẹ́ni bá bi òun ní ọ̀gágun tó gbówọ́ jù láyé, òun á sọ pé Joel ará Ibefun ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi í.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Aaron lára. Ó fẹ́ sọ pé ó ṣeun. Ọlọ́run mọ̀ pé ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti jiyàn fún ọgọ́ta ọdún kì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ọkàn. “Ìtàn yẹn dára,” ló wí, “ṣùgbọ́n Joel yìí kì í ṣe ọ̀gágun. Ẹni tó jókòó tí kò fẹ́ lọ, ṣé ọ̀gágun nìyẹn? Bó bá jẹ́ Montgomery ló wà níbẹ̀, afárá ni ì bá ní kí wọ́n kàn, wọ́n á sì ti kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Ràsákì dìde fùú. “Afárá! Aaron, ṣé orí rẹ pé? Kí ni wọ́n fẹ́ fi kàn án, bisikíìtì? Montgomery wo? Montgomery tí kò ru igbá omi rí láyé rẹ̀? Ṣé o mọ ohun tó ń jẹ́ kí ìbọn wà lórí ẹni, kí ogójì ọmọ ènìyàn wà lẹ́yìn ẹni, kí á má mira? O jókòó sínú kíláàsì fún ọdún márùndínlógójì, o ń fi ìdérí ìgò jagun, o wá ń bá mi sọ afárá!”

Mardiyah, ìyàwó Quadri, sáré yọ sẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí bàbá ọkọ rẹ̀ tó ń na ìka sójú olórí ẹbí, tó ń pè é lórúkọ láìfi ẹ̀gbọ́n sí i, ó sì fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ náà bo ẹnu. Ojú rẹ̀ ni Ràsákì rí tí ara rẹ̀ fi wálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi kò mọ ìgbà tí…” Ó ti ń tẹ orúnkún láti dọ̀bálẹ̀.

Aaron dì í mú léjìká méjèèjì. Omi ti kún ojú rẹ̀, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́. “Bí o bá dọ̀bálẹ̀, mi ò ní dárí jì ọ́. Ràsákì, ó sú mi, àárò rẹ sọ mí. Dìde. Ogójì, o ní. Ta ló kà wọ́n? Irú ogun wo ni ogójì á lọ tí ogójì á bọ̀?”

“Bàbá mi ló kà wọ́n!” Ohùn Ràsákì tún ti ń gòkè. “Orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan ló kọ́ mi!”

“Kà wọ́n fún mi ká gbọ́.”

Ràsákì wo Mardiyah lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo Aaron. Lẹ́yìn náà ó fa àga onírin rẹ̀ sọ́dọ̀, ó jókòó lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìka. Joel ará Ibefun. Àwọn méjì láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Bàbá òun fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé orí ẹni kẹtàlá, Aaron ní kò sí ìdílé tó ń jẹ́ irú orúkọ yẹn ní Ìjẹ̀bú-Imusin, Ràsákì sì ní kí olórí ẹbí pa ẹnu rẹ̀ mọ́.